Ìtàn Ìfẹ́ tí A Kò Jẹ́ Kí Ó Parí sí Rere

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1948, ọ̀dọ́bìnrin kan ń ta ọmọlangidi ní ilé ìtajà ńlá kan ní ìlú New York, ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Patricia Highsmith, ẹni ọdún 27 ni. Òǹkọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì jáde, owó ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń tán lọ. Ọdún Kérésìmesì ti sún mọ́lé, èrò pọ̀ bí eṣú nínú ilé ìtajà, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò bá wọn ṣe é títí ọdún yóò fi kọjá. Ìdí àtẹ ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n fi Highsmith sí.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan yà sí ìdí àtẹ rẹ̀. Irun rẹ̀ ń tàn bí wúrà, ẹ̀wù olówó ńlá tí a fi awọ ẹranko onírun rán ni ó sì wọ̀. Ó wo ọmọlangidi méjì mẹ́ta, ó mú ọ̀kan, ó sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ kí wọ́n lè bá a gbé e dé ilé, ó sanwó, ó lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì kò tún bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òòyì kọ́ Highsmith níbi tí ó dúró sí, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tí ó rí ìran. Nígbà tí ó dé ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ìwé àti kálámù, nígbà tí yóò sì fi tó wákàtí méjì, ó ti kọ ìlà ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ibà dá a dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ sì sú. Ó gbà pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé tí ń wá wo ohun ìṣeré ni ó kó àrùn náà ràn án.

Ìwé tí ó ti inú ìtàn alẹ́ ọjọ́ náà jáde ní 1952 ni The Price of Salt, èyí tí a lè pè ní Iye Owó Iyọ̀. Ìtàn ìfẹ́ láàárín obìnrin méjì ni. Therese, ẹni ọdún 19, ń tajà ní ìdí àtẹ ohun ìṣeré. Carol, ìyá ọlọ́mọ kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀, wá rajà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìfẹ́ wọ àárín wọn. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n rìnrìn-àjò lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọkọ Carol rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tẹ̀ lé wọn, kí ó lè rí ẹ̀rí tí yóò fi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó rí ẹ̀rí náà, Carol sì pàdánù ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé ìkẹyìn, Therese wọ ilé oúnjẹ kan, ó rí Carol lókèèrè, Carol juwọ́ sí i, Therese sì ń rìn lọ bá a. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí.

Ẹni tí ó bá ka ìparí yìí lónìí lè ní kí ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni kí ó wò. Kò sí ẹni tí ó kú. Kò sí ẹni tí ó ya wèrè. Kò sí ẹni tí ó ronú pìwà dà tí ó sì sá padà sọ́dọ̀ ọkùnrin. Ní Amẹ́ríkà ti 1952, irú ìparí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nínú ìwé ìtàn. Highsmith fúnra rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀: nínú àwọn ìwé tí ó ti wà ṣáájú tirẹ̀, ọkùnrin tí ó bá fẹ́ràn ọkùnrin, tàbí obìnrin tí ó bá fẹ́ràn obìnrin, gbọ́dọ̀ jìyà rẹ̀ kí ìwé tó parí. Yálà kí ó gbẹ̀mí ara rẹ̀, tàbí kí ó yí padà, tàbí kí ó ṣubú sínú ìdánìkanwà tí kò ní òpin. Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ìwé Radclyffe Hall, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 1928, The Well of Loneliness. Ní ìparí rẹ̀, obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí mọ̀ọ́mọ̀ ti olólùfẹ́ rẹ̀ lọ sọ́wọ́ ọkùnrin kan. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ yẹn náà, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pàṣẹ kí a run ìwé náà.

Kí ni ó wá ń mú òǹkọ̀wé jókòó ti irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó mọ̀ pé ó lè kó òun sí ìyọnu? Ìdáhùn àwọn tí ó kọ ọ́ kò dọ́gba, owó sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orí ìparí ìtàn ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí.

Ní ọdún 1952 kan náà, ní ìlú New York kan náà, ọ̀dọ́bìnrin mìíràn kọ ìtàn tirẹ̀. Marijane Meaker ni orúkọ rẹ̀, kò tíì ju ẹni ọdún 25 lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé Gold Medal, tí ń tẹ àwọn ìwé kéékèèké olówó pọ́ọ́kú, ẹlẹ́yìn rírọ̀, irú èyí tí àwọn èrò máa ń rà ní ibùdókọ̀. Dick Carroll, ọ̀gá tí ń yan ìwé níbẹ̀, bi í léèrè pé ìtàn wo ni yóò kọ bí a bá fún un láyè. Ó ní òun yóò kọ nípa ọmọbìnrin méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé. Ọ̀gá náà gbà, ṣùgbọ́n ó là á sílẹ̀ fún un: kí ó sọ ilé ẹ̀kọ́ náà di yunifásítì, kí ìtàn náà má sì ṣe parí sí rere.

Ènìyàn yóò rò pé ẹ̀sìn ni ọ̀gá náà ń rò, tàbí ìwà ọmọlúàbí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó ń bà á lẹ́rù. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1873 tí ó ka fífi ìwé ìṣekúṣe ránṣẹ́ láti ọwọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìwé àwọn oníṣòwò sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí àwọn aṣàyẹ̀wò bá rí ìwé kan tí ó fi irú ìfẹ́ yẹn hàn bí ohun tí ó lè dára fún ènìyàn, wọ́n lè dá gbogbo ẹrù padà. Ní 1952 yẹn gan-an, ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ń yẹ ìwé olówó pọ́ọ́kú wò, nítorí pé wọ́n ní ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́.

Meaker ṣe bí wọ́n ti wí. Ní ìparí Spring Fire, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ya wèrè, èkejì sì wá sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Wọ́n fi orúkọ tí ó jọ ti ọkùnrin, Vin Packer, sí ẹ̀yìn ìwé náà. Ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn aṣàyẹ̀wò kò dá a padà. Nítorí náà, òfin tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù yìí kò ní kí a má sọ ìtàn náà. A lè sọ ọ́, a lè tà á fún mílíọ̀nù ènìyàn, bí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ bá ṣá ti jìyà tán kí a tó pa ìwé dé. Ojú ti Meaker fún ìparí yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kọ̀ kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, àfi ní 2004 ni ó tó gbà, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i láti sọ bí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀.

Highsmith ní tirẹ̀ kò fi ìparí rẹ̀ tọrọ àánú ẹnikẹ́ni. Ilé ìtẹ̀wé tí ó tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ kọ èyí, ó sì gbé e lọ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Claire Morgan ni ó pe ara rẹ̀. Ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n ọjà náà sì wà nínú rẹ̀: ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1950, jẹ́ ìtàn ìpànìyàn, wọ́n sì ti fi í sí ìdí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n tún fi orúkọ mìíràn pe òun. Kò yẹ kí a sọ ọ́ di ẹni mímọ́ níbí. Ènìyàn líle ni, ìtàn àwọn apànìyàn ni ó sì kọ jù ní gbogbo ayé rẹ̀. Ìwé ìfẹ́ kan ṣoṣo yìí dá yàtọ̀ láàárín wọn.

Ní 1953, ìwé náà jáde ní ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú, iye tí ó tà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan. Nígbà náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀dọ̀ Claire Morgan, obìnrin tí kò sí láyé, ni wọ́n kọ wọ́n sí, ilé ìtẹ̀wé sì ń kó wọn ránṣẹ́ sí Highsmith: 10 tàbí 15 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọkùnrin kọ, obìnrin kọ. Àwọn kan dúpẹ́ pé ìwé yìí ni wọ́n kọ́kọ́ rí tí irú wọn kò parun nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé ní ìlú kékeré tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni tí ó dà bíi wọn, wọ́n ń béèrè ohun tí wọn ì bá ṣe. Highsmith dá èsì padà fún díẹ̀ nínú wọn. Kò ní ìmọ̀ràn púpọ̀. Ohun tí ó rí sọ ni pé kí wọ́n kó lọ sí ìlú tí ó tóbi díẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè rí ènìyàn bá ṣọ̀rẹ́.

Àwọn tí ó ti dàgbà kí wọ́n tó kọ́ ìwé kíkà mọ bí ó ti máa ń rí lọ́jọ́ tí ènìyàn bá kọ́kọ́ rí orúkọ ìlú rẹ̀, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀, nínú ìwé tí a tẹ̀. Ìwé tí ó ti ń dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn di ọ̀rọ̀ ẹni lójijì. Àwọn tí ń kọ lẹ́tà sí Claire Morgan ti mọ̀wé tipẹ́, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọn kò tíì rí nínú ìwé, àfi lórí ibùsùn ikú. Highsmith pa orúkọ rẹ̀ mọ́ fún wọn fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ní 1990, nígbà tí ìwé náà tún jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a sì pè é ní Carol, orúkọ Patricia Highsmith ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní 1995. Ní 2015, wọ́n fi ìtàn náà ṣe fíìmù.

Ó yẹ kí a sọ pé Highsmith kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú irú ìparí yìí. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1952, ìwé mìíràn wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti kọ parí láti ọdún 38, tí ẹni tí ó kọ ọ́ sì tì mọ́ inú ilé. E. M. Forster ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1879. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 16, ní 1895, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán Oscar Wilde, òǹkọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára nítorí ohun tí ó wà láàárín òun àti àwọn ọkùnrin. Àwọn ọkùnrin tí ó dà bí rẹ̀ gbọ́, wọ́n sì panu mọ́. Forster dàgbà, ó kọ ìwé ìtàn mẹ́rin, ó di gbajúmọ̀. Ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń fẹ́ ara wọn nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú u.

Ní 1913, ó lọ kí Edward Carpenter, àgbà òǹkọ̀wé kan, ní abúlé Millthorpe. Carpenter àti ọkùnrin kan tí à ń pè ní George Merrill ti jọ ń gbé ilé kan níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Carpenter jẹ́ ọmọ ọlọ́rọ̀, Merrill jẹ́ ọmọ tálákà. Wọ́n ń gbin nǹkan sí ọgbà, wọ́n ń gba àlejò, ará abúlé sì mọ̀ wọ́n. Forster ti ka ọ̀pọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí ní ilé yẹn kò sí nínú èyíkéyìí wọn: ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń dàgbà, tí ọ̀run kò sì já lù wọ́n. Ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Maurice. Ó parí rẹ̀ ní 1914.

Maurice tí ìwé náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ oníṣòwò owó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọlọ́lá kan, fi í sílẹ̀, ó lọ gbéyàwó. Lẹ́yìn náà ni ó pàdé Alec, tí ń ṣọ́ igbó ọdẹ fún ọlọ́lá kan náà. Alec ti sanwó ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e lọ sí Ajẹntínà. Nígbà tí Maurice dé èbúté láti dágbére fún un, ọkọ̀ gbéra, Alec kò sí nínú rẹ̀. Ó ti dúró de Maurice. Àwọn méjèèjì sì jọ lọ. Nígbà tí Lytton Strachey, ọ̀rẹ́ Forster, ka ìwé náà ní 1915, ó ní ìfẹ́ àwọn méjèèjì kò lè pé ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Forster kò yí i padà nítorí ìyẹn. Ní 1960, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti pinnu pé ìtàn náà gbọ́dọ̀ parí sí ayọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun kì bá tí kọ ọ́ rárá. Ó ní bí òun bá ti so ọmọkùnrin kan kọ́ sí okùn ní ìparí rẹ̀ ni, ì bá rọrùn láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé sọ fún Meaker ní New York, Forster ti mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un.

Ọ̀rẹ́ díẹ̀ ni ó fi ìwé náà hàn. Ó ń tún apá kan rẹ̀ kọ láti ìgbà dé ìgbà. Ìyá rẹ̀ kú ní 1945. Ní 1967, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí padà, àgbàlagbà ọkùnrin méjì kì í tún ṣe ọ̀daràn mọ́ nítorí ohun tí wọ́n bá fínnúfíndọ̀ ṣe nínú ilé wọn. Forster ti di ẹni ọdún 88. Síbẹ̀ kò gbé e jáde, ó tilẹ̀ kọ ọ́ sí ara rẹ̀ ní ìbéèrè bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwé A Passage to India tí ó tẹ̀ ní 1924 ni ìwé ìtàn tí ó gbé jáde kẹ́yìn ní ojú ayé rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹfà 1970, Maurice sì jáde ní 1971. Kò fi ìwé náà jíǹkí ènìyàn kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹkọ̀wé ti máa ń ṣe. Ọdún kan tí yóò dára ju ti òun lọ ni ó fi í jíǹkí.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí. Chinelo Okparanta kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìgbò ni, ìlú Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà ni àwọn òbí rẹ̀ sì mú un lọ nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 10. Ìwé rẹ̀, Under the Udala Trees, jáde ní 2015. Udala ni igi tí Yorùbá ń pè ní àgbálùmọ̀.

Inú ogun Biafra ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ǹbù pa bàbá Ijeoma. Ìyá rẹ̀, tí kò rí oúnjẹ fún un mọ́, fi í ránṣẹ́ sí ilé àwọn ojúlùmọ̀ kan kí ó máa bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Níbẹ̀ ni ó ti bá Amina pàdé, ọmọ òrukàn, Hausa, ẹ̀yà tí ogun ti sọ di ọ̀tá lójú àwọn ará Ijeoma. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì ká wọn mọ́. Ìyá Ijeoma wá mú un, ó sì gbé Bíbélì sí iwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó lè yí padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ni yóò mọ ìyá yìí. Kì í ṣe òǹrorò. Opó ni, ó ń bẹ̀rù fún ọmọ kan ṣoṣo tí ogun fi sílẹ̀ fún un, ohun tí ó sì gbàgbọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Ijeoma gbà, ó fẹ́ ọkùnrin, ó bí ọmọbìnrin kan. Ilé náà di ọgbà ẹ̀wọ̀n fún un. Òǹkọ̀wé náà kò bo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀: nínú ìwé náà, àwọn èrò dáná sun ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Ijeoma láàyè.

Okparanta kò jẹ́ kí òǹkàwé máa méfò nípa ìdí tí ó fi kọ ọ́. Ó kọ ọ́ sí ìparí ìwé náà. Ó ní ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ààrẹ Nàìjíríà, Goodluck Jonathan, fọwọ́ sí òfin tí ó lè rán ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tí wọ́n bá fẹ́ ara wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ó ní òun kọ ìwé náà kí ohùn àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ̀nyí lè túbọ̀ dún, kí wọ́n sì ní ààyè nínú ìtàn orílẹ̀-èdè wọn. Ìdí nìyí tí ó fi gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ sínú ogun 1967 sí 1970 tí gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀, dípò kí ó gbé e sí ìlú òyìnbó níbi tí ì bá ti rọrùn.

Òun náà kò pa Ijeoma. Ní ìparí ìwé, Ijeoma gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré lọ́wọ́, ó kúrò ní ilé ọkọ, ó sì gba ilé ìyá rẹ̀ lọ, ilé tí wọ́n ti ka Bíbélì sí i létí lójoojúmọ́. Kò mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀. Ìyá náà sì gbà á wọlé.